Ìkún Omi Ayé Ànábì Nuhu: Ṣé Gbogbo Àgbáyé Ni Ó Bò?

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí àti ẹ̀yin òbí wọn, gbèsè ni mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí san. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nígbà tí èmi àti àwọn ọmọ kéwú mi ka ìwé dé Súrà Húdù, mo dúró níwájú wọn, mo sì sọ fún wọn pé àwọn onísáyẹ́ǹsì ti rí ọkọ̀ Ànábì Nuhu lórí òkè kan ní ilẹ̀ Tọ́kì, pé wọ́n ti ya fọ́tò rẹ̀, àti pé wọ́n ti rí ẹ̀rí pé omi bo gbogbo ayé pátá, títí dé orí òkè tí ó ga jùlọ. Inú ìwé pélébé kan tí ẹnì kan fi lé mi lọ́wọ́ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni mo ti kà á. N kò wádìí rẹ̀. Àwọn ọmọ gbé ohùn sókè, wọ́n ní "Allāhu Akbar," inú èmi náà sì dùn.

Ọ̀kan nínú wọn wọ yunifásítì, ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti àpáta. Nígbà tí ó wá kí mi ní ọdún Iléyá, ó jókòó sórí ẹní, ó ń fi ìka họ etí ẹní, kò lè wò mí lójú. Ó ní, "Áfáà, ẹ má bínú o. Ọkọ̀ tí ẹ sọ fún wa nígbà yẹn, wọ́n ní òkúta àti erùpẹ̀ lásán ni. Wọ́n tún ní kò sí omi kankan tí ó bo gbogbo ayé rí láti ìgbà tí ọmọ ènìyàn ti wà. Ṣé irọ́ wá ni ohun tí Àlùkùránì sọ ni?"

Ẹ̀rù bà mí. Kì í ṣe ìbéèrè náà ni ó bà mí lẹ́rù, nítorí ìbéèrè kò ba ẹ̀sìn wa jẹ́. Ohun tí ó bà mí lẹ́rù ni pé èmi gan-an ni mo so ìgbàgbọ́ ọmọ yẹn mọ́ fọ́tò òkúta. Nígbà tí fọ́tò náà já, ó kù díẹ̀ kí ìgbàgbọ́ bá a lọ. Mo sọ fún un pé kí ó fún mi láàyè kí n lọ ka ìwé. Ohun tí mo rí nínú ìwé nìyí.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ohun tí Àlùkùránì Alápọ̀ńlé sọ gan-an. Ìtàn Ànábì Nuhu wà nínú Súrà Al-Aʿrāf, Húdù, Al-Muʾminūn, Al-Qamar àti àwọn mìíràn, odindi súrà kan sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a ń bá pàdé léraléra nínú wọn ni pé àwọn ènìyàn rẹ̀ ni a rán an sí. Súrà Al-Furqān (25:37) sọ pé àwọn ìjọ Nuhu ni a tẹ̀ rì sínú omi nígbà tí wọ́n pe àwọn òjíṣẹ́ ní òpùrọ́. Ojú sánmà ṣí, ilẹ̀ sì ya orísun, omi òkè àti omi ilẹ̀ pàdé ara wọn (54:11-12). Ìgbì ga bí òkè. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní òun yóò sá gun orí òkè, omi sì gbé e lọ (11:42-43). Lẹ́yìn náà omi fà, ọkọ̀ sì gúnlẹ̀ sórí Júdì (11:44). N kò rí ibì kan tí Àlùkùránì ti sọ pé omi bo gbogbo òkè tí ń bẹ lábẹ́ ọ̀run. Ìwé Jẹ́nẹ́sísì orí 7 ni ó sọ bẹ́ẹ̀, tí ó ní omi fi ìgbọ̀nwọ́ 15 ga ju àwọn òkè lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbọ́ èyí lẹ́nu àwọn aládùúgbò wa, a rí i nínú fíìmù, a wá gbà pé inú Àlùkùránì ni ó wà.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe òdodo gbọ́dọ̀ sọ apá kejì náà. Nínú Súrà Nuhu (71:26), Ànábì Nuhu bẹ Ọlọ́hun pé kí ó má ṣe ṣẹ́ kèfèrí kankan kù lórí ilẹ̀. Súrà Aṣ-Ṣāffāt (37:77) sì sọ pé àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ ni ó ṣẹ́kù. Àwọn àáyà yìí ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn onítafsírì wa àtijọ́ dì mú, Ibn Kathir sì wà lára wọn, tí wọ́n fi sọ pé gbogbo ayé ni omi náà kárí. Àgbà onímọ̀ ni wọ́n, n kò ní fi ojú kékeré wò wọ́n.

Àmọ́ "al-arḍ," ọ̀rọ̀ tí a túmọ̀ sí ilẹ̀ tàbí ayé, kì í fi ìgbà gbogbo tọ́ka sí àgbáyé. Nígbà tí Ànábì Yusuf sọ fún ọba pé kí ó fi òun ṣe olórí àwọn àká ilẹ̀ náà (12:55), ilẹ̀ Mísírà nìkan ni ó ń sọ. Àwa Yorùbá kò ṣàjèjì sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí a bá ní gbogbo ayé ni ó wá síbi ìgbéyàwó ọmọ Alhaji, ta ni ó máa wá bèèrè bóyá àwọn ará Ṣáínà wà níbẹ̀? Bẹ́ẹ̀ náà ni hádíìsì Jabir tí Bukhari gbà wá fi yé wa pé àwọn ìjọ tiwọn nìkan ni a máa ń rán àwọn ànábì ìṣáájú sí, kí a tó wá rán Ànábì Muhammad sí gbogbo ènìyàn. Súrà Al-Isrāʾ (17:15) sì fi hàn pé Ọlọ́hun kì í fi ìyà jẹ ìjọ kan láì tíì rán òjíṣẹ́ sí wọn. Kí ni yóò wá kan ará Íńdíà tí kò gbọ́ orúkọ Nuhu rí? Àwọn tí wọ́n gbà pé omi náà kárí ayé dáhùn pé nígbà yẹn, àwọn ènìyàn Nuhu nìkan ni ó wà láyé. Èsì yìí mọ́gbọ́n wá, ṣùgbọ́n bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé nìkan ni ó yẹ kí omi bò. Kí ni omi ń wá lórí òkè tí ẹnikẹ́ni kò gbé?

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé ìjiyàn yìí kì í ṣe tòní. At-Tabari, ẹni tí ó kú ní ọdún 923, kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ pé àwọn Májúsì ilẹ̀ Páṣíà kò mọ ìkún omi náà rárá, pé àwọn díẹ̀ nínú wọn sì gbà á ṣùgbọ́n wọ́n ní agbègbè Bábílì nìkan ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1000, Al-Biruni, ọ̀kan nínú àwọn tí ọpọlọ wọn jí pépé jùlọ tí ẹ̀sìn yìí tíì ní, kọ irú rẹ̀ náà. Ó ní àwọn ará Páṣíà kan sọ pé ilẹ̀ Ṣáámù àti ìwọ̀ oòrùn ni omi náà mọ, pé kò kọjá òkè Hulwan. Ẹ wò ó o: Mùsùlùmí ni àwọn méjèèjì, wọn kò sì fi ẹ̀rí tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn pamọ́ fún ẹni tí ń ka ìwé wọn.

Ní ìgbà tí ó súnmọ́ wa, Al-Alusi, mufti Bàgídáàdì, tí ó kú ní ọdún 1854, sọ nínú tafsírì rẹ̀ pé ọkàn òun fà sí i pé ìkún omi náà kò kárí ayé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n bi Muhammad Abduh, mufti ilẹ̀ Mísírà tí ó kú ní ọdún 1905, léèrè ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Ó dáhùn pé kò sí ọ̀rọ̀ tí ó gé e wọlẹ̀ nínú Àlùkùránì pé omi náà kárí. Ṣùgbọ́n ó fi kún un pé onígbàgbọ́ kò gbọdọ̀ kàn ṣàdédé pa ìtumọ̀ tí ó hàn lójú àáyà àti hádíìsì tì, àfi bí ẹ̀rí tí kò ṣeé jà níyàn bá wà. Mo fẹ́ràn ìdáhùn yìí, nítorí pé ó fi iṣẹ́ lé wa lọ́wọ́. Ǹjẹ́ ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ wà?

Ẹ jẹ́ kí á fi omi ṣe ìṣirò. Òkè Everest ga ní mítà 8,849. Kí omi tó lè bò ó, a ó nílò omi mìíràn tí ó ju ìlọ́po mẹ́ta gbogbo omi òkun ayé lọ, kí á tó da á lé orí èyí tí ó wà. Níbo ni yóò ti wá? Bí gbogbo ọ̀rinrin tí ń bẹ nínú afẹ́fẹ́ ayé bá rọ̀ lójò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò ní ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ lórí ilẹ̀. Bí gbogbo yìnyín ayé bá yọ́, òkun yóò ga sí i ní nǹkan bí mítà 65 sí 70. Èyí yóò bo Èkó mọ́lẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ará Ìdànrè yóò wà lórí òkè rẹ̀, yóò máa wò ó.

Ẹnì kan yóò ní Ọlọ́hun lè dá omi mìíràn, kí ó sì tún mú un kúrò. Òtítọ́ ni, bí Ó bá ní kí nǹkan wà, yóò wà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ ti kúrò nínú sáyẹ́ǹsì, kò sì yẹ kí ó tún máa sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé sáyẹ́ǹsì ni ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, omi tí ó bá bo ayé yóò fi ojú ẹsẹ̀ sílẹ̀. Ní ilẹ̀ Greenland, yìnyín ọdọọdún ń dì lé orí ti èṣí, bí ojú ewé ìwé. Àwọn onímọ̀ gbẹ́ ihò tí ó ju mítà 3,000 lọ sínú rẹ̀, wọ́n kan ìsàlẹ̀ ní ọdún 1993, ìpele tí wọ́n sì rí níbẹ̀ ju ti ọdún 100,000 lọ. Ti Antarctica dé ọdún 800,000. Yìnyín a máa léfòó lórí omi. Bí òkun bá ti bo ilẹ̀ wọ̀nyí rí, ìbá ti ṣí yìnyín náà kúrò nílẹ̀. Ní Jámánì, wọ́n ka òrùka inú igi, ọ̀kan fún ọdún kan, láti ara igi òní dé ara igi tí ó ti kú sínú ẹrẹ̀, ó sì ju ọdún 12,000 lọ láìjá.

Ìkarahun inú òkun tí a ń rí lórí òkè ńkọ́? Inú ìwé pélébé mi ni èyí náà wà, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí tí ó lágbára jù. Àfi bí mo ṣe rí i pé Ibn Sina, tí ó kú ní ọdún 1037, ti sọ pé ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi ni ó di àpáta nígbà pípẹ́, tòun ti ẹran omi tí ó wà nínú rẹ̀, kí ilẹ̀ náà tó di òkè. Al-Biruni pẹ̀lú wo òkúta etí odò ní Íńdíà, ó rí i pé wọ́n tóbi lẹ́bàá òkè, wọ́n sì ń kéré sí i bí odò ṣe ń lọ títí wọ́n fi di iyanrìn, ó wá sọ pé òkun ni ilẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀ kí odò tó fi erùpẹ̀ dí i. Ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn ni wọ́n kọ èyí, ní èdè Lárúbáwá tí èmi fi ń kọ́ ọmọ. Ìwé pélébé ni mo wá ń kà.

Ǹjẹ́ ó wá túmọ̀ sí pé kò sí ìkún omi kankan? Rárá o. Ibi tí ìtàn ti dùn nìyí, ẹ jẹ́ kí á lọ sí ilẹ̀ Ìráàkì.

Ní ọdún 1853, Hormuzd Rassam, ọmọ ìlú Mosul, ń wú ilẹ̀ ní àlàpà Nínéfè. Ó bá ilé ìkàwé ọba Ashurbanipal pàdé nínú ilẹ̀. Ìwé ibẹ̀ kì í ṣe tàkàdá. Wàláà ni, bíi tiwa ní ilé-kéwú, ṣùgbọ́n amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, wọ́n sì fi ẹnu esùsú tẹ ọ̀rọ̀ sí i lára nígbà tí ó ṣì tutù. Wọ́n kó àfọ́kù wọn lọ sí mùsíọ́ọ̀mù ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọkùnrin kan tí kò lọ sí yunifásítì, George Smith, tí ó ti kọ́ iṣẹ́ fífín àwòrán owó bébà, fi ara rẹ̀ kọ́ kíkà wọn. Ní ọdún 1872, ó ka ọ̀kan nínú wọn, ó rí ìtàn ọkùnrin kan tí a kìlọ̀ fún pé ìkún omi ń bọ̀, tí ó kan ọkọ̀, tí ó kó ẹran sínú rẹ̀, tí ọkọ̀ rẹ̀ gúnlẹ̀ sórí òkè, tí ó sì rán ẹyẹ jáde lọ wo ilẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún náà, ó ka iṣẹ́ rẹ̀ fún àpéjọ kan tí olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, Gladstone, jókòó sí. Ọmọ ìlú Shuruppak ni wàláà náà pe ọlọ́kọ̀ ọ̀hún.

Àwọn kan fi wàláà yìí bú ẹ̀sìn wa, wọ́n ní àdàkọ ni gbogbo rẹ̀. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Bí ìjọ kan bá parun lóòótọ́ nínú omi ní ilẹ̀ kan, ta ni ó yẹ kí ó máa rántí rẹ̀, tí yóò sì máa fi òrìṣà tirẹ̀ lú u pọ̀, bí kò ṣe àwọn ará ilẹ̀ náà?

Leonard Woolley ni ó tún gbé ọ̀rọ̀ náà dìde. Ó ń wú ilẹ̀ ìlú Ur ní gúúsù Ìráàkì láti ọdún 1922 títí di 1934. Ní bí ọdún 1929, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ gbẹ́ kòtò kọjá àwọn sàréè àtijọ́, wọ́n kan ẹrẹ̀ mímọ́ tí kò ní àfọ́kù ìkòkò kankan. Wọ́n rò pé ilẹ̀ ti tán. Ó ní kí wọ́n máa gbẹ́ ẹ lọ. Ẹrẹ̀ náà ju mítà méjì lọ, nígbà tí wọ́n sì gbẹ́ ẹ tán, àfọ́kù ìkòkò àwọn ènìyàn mìíràn tún bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Woolley kéde fún ayé pé òun ti rí ìkún omi Nuhu. Ariwo ta.

Ṣùgbọ́n àwọn awalẹ̀pìtàn kò jáwọ́. Ní Kish, wọ́n rí ẹrẹ̀ ìkún omi, àmọ́ ọjọ́ orí rẹ̀ kò bá ti Ur mu. Ní Shuruppak gan-an, ní ọdún 1931, wọ́n rí òmíràn tí kò nípọn tó bẹ́ẹ̀, tí wọ́n fojú bù sí nǹkan bí ọdún 2900 ṣáájú ìbí Ànábì Isa. Ní Eridu, tí kò jìnnà sí Ur rárá, wọn kò rí nǹkan kan. Bí omi kan bá bo gbogbo ayé, ṣé ó yẹ kí ó fo Eridu dá? Ohun tí ilẹ̀ fi hàn ni pé ìkún omi ńlá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó ba ìlú jẹ́, ó sì pa ènìyàn. Èwo nínú wọn ni ti Ànábì Nuhu, tàbí pé kò sí nínú wọn? Àlùkùránì kò dá ọdún, n kò sì ní dá a.

Ẹni tí ó bá mọ ilẹ̀ náà kò ní yà á lẹ́nu. Pẹrẹsẹ ni gúúsù Ìráàkì rí, odò méjì, Tigris àti Euphrates, sì ń ti orí òkè Tọ́kì sọ̀kalẹ̀ wá. Nígbà tí yìnyín orí òkè bá yọ́, tí òjò sì pàdé rẹ̀, omi a máa dé ní nǹkan bí oṣù Kẹrin sí Ìkarùn-ún, nígbà tí ọkà ti gbó lóko. Ní ọdún 1831, nígbà tí Al-Alusi tí mo dárúkọ wà láyé, omi wó ilé lọ rẹpẹtẹ ní Bàgídáàdì, àjàkálẹ̀ àrùn sì wà nínú ìlú lẹ́sẹ̀ kan náà. Ní ọdún 1954 ó tún dé. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjọba parí ìdènà omi Samarra ní ọdún 1956, tí wọ́n fi ń darí omi sí àfonífojì Tharthar. Ẹni tí ó bá dúró lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà, tí ó wo iwájú, tí ó wo ẹ̀yìn, omi nìkan ni yóò rí títí dé ibi tí sánmà ti kan ilẹ̀.

Ó ku fọ́tò ọkọ̀. Ọ̀gágun ilẹ̀ Tọ́kì kan ni ó rí i nínú fọ́tò tí wọ́n yà láti inú òfúrufú ní ọdún 1959, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Durupınar, lẹ́bàá òkè Ararat. Ó jọ ọkọ̀ lóòótọ́. David Fasold kọ odindi ìwé láti fi gbè é lẹ́yìn. Nígbà tí ó yá, ní ọdún 1996, Fasold yìí kan náà fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú onímọ̀ àpáta kan, Lorence Collins, pé òkúta tí Ọlọ́hun dá síbẹ̀ lásán ni. Ibẹ̀ gan-an kì í tilẹ̀ ṣe òkè Júdì tí àwọn Mùsùlùmí àtijọ́ mọ̀. Èyíinì wà lẹ́bàá ìlú Cizre, níbi tí ilẹ̀ Tọ́kì ti fẹ́ kan Ìráàkì, ó sì ju kìlómítà 200 lọ sí Durupınar.

Mo ka ìtàn Fasold yìí lẹ́ẹ̀mejì. Mo tún ka ti àwọn àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì méjì. William Buckland, olùkọ́ ní Oxford, kọ ìwé ní ọdún 1823 pé egungun tí òun rí nínú ihò àpáta Kirkdale jẹ́ ẹ̀rí ìkún omi tí ó kárí ayé. Nígbà tí yóò fi di 1836, ó ti yí ọ̀rọ̀ yẹn padà nínú ìwé mìíràn. Adam Sedgwick náà dìde ní ọdún 1831, níwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ àpáta tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ olórí fún, ó ní àṣìṣe ni òun ti ń sọ látẹ̀yìnwá. Àwọn méjèèjì kú sínú ẹ̀sìn wọn, kò sí èyí tí ó torí rẹ̀ fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Mo wò ó pé bí àlùfáà wọn bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ni ó dé tí Áfáà kò lè ṣe é?

Ní ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀lé e, mo ní kí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì náà bá mi dé ilé-kéwú. A ṣí Súrà Húdù padà. Mo sọ fún àwọn ọmọ pé ohun tí mo kọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n wọn nípa ọkọ̀ àti nípa omi tí ó bo Everest, inú Àlùkùránì kọ́ ni mo ti rí i, kò sì sí ẹ̀rí rẹ̀. Mo ní kí akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣàlàyé ti yìnyín Greenland fún wọn, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì ya á sójú pátákó. Ọmọbìnrin kékeré kan tí ó jókòó síwájú nawọ́ sókè. Ó ní, "Áfáà, kí ni Ànábì Nuhu wá ń kó ẹran wọ ọkọ̀ fún, tí kì í bá ṣe gbogbo ayé?" Mo ní ẹni tí yóò tún bẹ̀rẹ̀ ayé lórí ilẹ̀ tí omi ti gbá lọ, ó gbọ́dọ̀ ní akọ àti abo ẹran ọ̀sìn lọ́wọ́. Ó ronú sí i díẹ̀, ó ní òun yóò lọ bi bàbá òun.

Ìwé pélébé náà kò sí lọ́dọ̀ mi mọ́. Mo fi sílẹ̀ fún kíláàsì náà, pẹ̀lú bírò pupa kan, pé kí wọ́n máa fa ìlà sábẹ́ gbogbo gbólóhùn tí ẹni tí ó kọ ọ́ kò sọ ibi tí ó ti rí i. Nígbà tí mo ń kọ èyí, wọ́n ti dé ojú ìwé kẹfà.